Ikọ́ Akàwé

"A kì í bi akàwé léèrè ohun tó mú un húkọ́." Ní ìlú wa, Òkè-Ìrókò, bóyá ni ọ̀sẹ̀ kan á lọ kí ẹ má gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbàlagbà kan. Wọ́n á pa á, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn sì ni pẹ̀lú. Bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni èmi náà ṣe fẹ́ sọ ọ́. Bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ má bínú sí mi.

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà, àwọn ará ìlú wa pọ̀ ní Kùmásí, ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí wọ́n ti ń ta abẹ́rẹ́, òwú, dígí àti oríṣiríṣi ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ tí lọ́rí bá ti ilé dé ni ọjọ́ ọdún wọn. Kí dẹ́rẹ́bà tó pa ọkọ̀, wọ́n á ti yí i ká, oníkálukú á máa béèrè ìwé tí wọ́n kọ sí i láti ilé. Lọ́jọ́ kan, láàárín ariwo àti eruku yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò gbé ojú sókè kó lè pe orúkọ tó wà lára ìwé kan. Ojú rẹ̀ bá ojú ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, tó ru àtẹ òwú lórí. Ojú wọn di mẹ́rin. Orúkọ tó fẹ́ pè fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá.

"Akọ̀wé, ta lo ń pè?" ni ẹnì kan wí. "Àbí ìwé náà kò lórúkọ ni?"

Èrò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní láti wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì.

Oyèdìran ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Akọ̀wé ni gbogbo gàréèjì ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ̀wé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó sì ka ìwé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Kò ní ọ̀gá, kò ní owó oṣù. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn bá rántí ilé ló ń jẹun yó. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá gbàgbé ilé, a mu gààrí sùn. Bàbá Búráìmọ̀, akọ̀wé àgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tí bàbá yìí kọ́kọ́ kọ́ ọ kì í ṣe ìwé kíkọ rárá. Ó ní, "Jẹ́ kí ẹni tó bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ sọ̀rọ̀ tán. Ìbínú ló máa kọ́kọ́ jáde. Ohun tó ń dùn ún gan-an ń bẹ lẹ́yìn. Má ti gègé bọ tàdáwà títí ìyẹn á fi dé." Ó tún ní kó máa ka ohun tó bá kọ sókè, kí ó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, kó tún ibẹ̀ kọ. Ó ní kó máa ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ bí ẹni ń jẹ ẹja, kó máa fara balẹ̀ wá eegun.

Ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀. Oyèdìran gba gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, àfi ìkẹyìn yẹn. Ọ̀rọ̀ adùn ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù jù. Bí birikìlà kan bá ní kó bá òun kí ìyàwó òun nílé, Akọ̀wé á kọ ọ́ pé, "Ìwọ òdòdó tí ń ta sánsán nínú ọgbà ọkàn mi, bí mo bá ń mọ ògiri, ojú rẹ ni mò ń rí lára bíríkì." Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ẹran. Bàbá Búráìmọ̀ á kàn mi orí ni. "Àwọn obìnrin tó wà nílé yẹn," á ní, "á máa rò pé àwọn ọkọ àwọn ti ya wèrè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín, torí òun ló fa gbogbo ọ̀ràn náà. Ní Kùmásí nígbà yẹn, gbangba ni wọ́n ti ń ka ìwé. Kò sí ìwé tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ̀wé láti ilé á kí ọmọ rẹ̀, á kí onílé ọmọ rẹ̀, á kí gbogbo ará ìlú tó wà níbẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn á dúró gbọ́ ìkíni tiwọn. Ìwé kan péré ni akàwé máa ń kà ní kọ̀rọ̀, ìyẹn ni ìwé òkú. Bí akàwé bá ti dìde, tó ní, "Jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé," ẹni náà á ti ká ọwọ́ lérí kó tó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn obìnrin á sì ti bú sẹ́kún.

Àrìnpé ni ọmọbìnrin tó ru àtẹ òwú náà. Ọmọ Òkè-Ìrókò ni, àbúrò ìyá rẹ̀ ló mú un wá sí Gánà. Ìdí tó fi wá kò dùn-ún sọ. Bàbá rẹ̀, Láníyonu, ti fi í fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gbé ìdána wá, Àrìnpé sì ní òun kò fẹ́ ọkùnrin náà. Ojú bàbá yìí ló ṣe tí wọ́n ń ru igbá ìdána padà jáde, tí wọ́n gba àárín ọjà kọjá. Láti ọjọ́ náà kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń rí i nínú ilé bí ẹni ń rí òpó.

Gbogbo ìgbà tí lọ́rí bá dé ni Àrìnpé máa ń wá dúró lẹ́yìn èrò. Orúkọ á tán, wọn kò ní pe tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí èrò ti túká, ó wá bá Akọ̀wé nídìí àpótí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wo ìsàlẹ̀ àpò ìwé náà dáadáa?"

"Mo ti wò ó."

"Ìwé a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà mìíràn."

Oyèdìran gbé àpò náà, ó yí i síta, ó gbọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀. Eruku ló jáde. Àrìnpé dúpẹ́, ó yí padà, ó ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kí ó tó béèrè rárá ni Akọ̀wé á ti yí àpò sódì, tí á gbọ̀n ọ́n, tí á sì wò ó lójú bí ẹni ń tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo àwọn tó wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ẹnìkan rí, ẹ ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti dá ìró ẹ̀rọ lọ́rí yẹn mọ̀ láti òkèèrè. Bó bá gbọ́ ọ, á fi omi ra irun rẹ̀, á na kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń gbàdúrà kí ìwé Àrìnpé dé, ó sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò dé, torí bí ìwé bá dé, kí ni yóò tún máa mú un wá sídìí igi máńgòrò? Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣòwò, tó ń bá gbogbo Kùmásí sọ ọ́, kò rí gbólóhùn kan péré sọ fún Àrìnpé. "Ẹ kú ọjà" nìkan ló ń rí wí. Bó bá ti wí i tán, á máa bínú sí ẹnu rẹ̀.

Ìwé náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. Oyèdìran rí orúkọ lára ànfílóòpù, ó sì pè é sókè. "Àrìnpé ọmọ Láníyonu." Èrò là fún un. Ó sọ àtẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Gbogbo èèyàn tẹ́tí, nítorí gbogbo wọn ló ti rí bó ṣe ń wá tó sì ń padà lọ́wọ́ òfo.

Akọ̀wé já ìwé náà. Ojú rẹ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀, bí ojú akàwé ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá bàbá náà kọ ọ́ nílé kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ìbínú àti itọ́ pọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Èmi Láníyonu kò ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Àrìnpé mọ́. Ìwọ tí o sọ mí di ẹni à ń nàka sí lọ́jà, kí ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn jẹ́ ilé rẹ títí láé. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ń sunkún láàárọ̀, ó ń sunkún lálẹ́, ó ní kí n pè ọ́ wálé. Nítorí ẹkún rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà mi, omi gbígbóná ni màá dà lé ọ lórí. Bá mi kí gbogbo ará ìlú tó wà níbẹ̀."

Kí ni kó ṣe? Bó bá ní kí ó jẹ́ kí àwọn lọ sẹ́yìn ilé, ọmọ náà á rò pé ìyá òun ti kú, yóò sì ṣubú síbẹ̀. Bó bá kà á bó ṣe wà, gbogbo àwọn tó ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ìyá Rábì, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í sùn lẹ́nu rẹ̀, ló jókòó níwájú gan-an. Àrìnpé ń wo ẹnu Akọ̀wé.

Oyèdìran húkọ́.

Ó húkọ́ kọjá ìlà àkọ́kọ́, ó húkọ́ kọjá ìlà tó tẹ̀lé e, ó wá kà á pé, "Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ń sunkún láàárọ̀, ó ń sunkún lálẹ́, ó ní kí n pè ọ́ wálé. Nítorí ẹkún rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé yìí." Ikọ́ tún gbé e. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Bá mi kí gbogbo ará ìlú tó wà níbẹ̀." Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un láti orí ara rẹ̀. Ó kàn ń húkọ́ ni.

"Ẹ bu omi fún Akọ̀wé o," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Bó bá kú báyìí, ta ló máa ka ti ìyàwó mi fún mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Rábì kò rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé," ó ní, "ìwé yẹn gùn ju ohun tí o kà lọ. Mò ń wo ojú rẹ, ó rin ibi tí ẹnu rẹ kò dé. Kí ló wà níbi tí ikọ́ ti ń gbé ọ? Padà síbẹ̀ kí a gbọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu èrò. Oyèdìran ká ìwé náà. Àrìnpé ló sọ̀rọ̀. Kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Ìyá Rábì, ẹ jọ̀ọ́ mà. A kì í bi akàwé léèrè ohun tó mú un húkọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ jọ bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa ló ti ń pa á bọ̀. Àgbàlagbà kan ní, "Hẹ̀n-ín, ọmọ yìí pa òwe." Ìyá Rábì tún gèlè rẹ̀ wé. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo gàréèjì ti gba òwe náà. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bi í níbi tó ti ń bọ̀ á ní a kì í bi akàwé léèrè ohun tó mú un húkọ́. Àmọ́ Àrìnpé kò dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó fi í sábẹ́ aṣọ, ó sì ní, "Lọ́rí yìí ni màá bá padà sílé, tí wọ́n bá kó ẹrù sí i tán."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Oyèdìran lára bí òjò òwúrọ̀. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Búráìmọ̀, ó bá a níbi tó ti ń fi àtàǹpàkò wá ẹnu gègé tó ti gbó láàárín àwọn tuntun.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Ikọ́ náà ńkọ́?" ni bàbá wí. "Wọ́n ti ròyìn rẹ̀ dé ibí."

Oyèdìran jókòó sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. "Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un, kò ní lọ mọ́," ó ní.

"Ìwọ náà á sì máa rí i."

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Bí mo bá dákẹ́, ìlẹ̀kùn títì ló máa lọ bá."

"Gbọ́," ni bàbá wí. "Lójú èrò, o ṣe ohun tó dáa, o fi aṣọ bo ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ti di onígbọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Lọ bá a, kí o sọ ohun tó wà lábẹ́ ikọ́ rẹ fún òun nìkan. Má bù ú, má sì fi oyin sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kó yan ọ̀nà fúnra rẹ̀."

"Bó bá yàn láti lọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé o ti mọ ohun tó ń ṣe àwọn tó máa ń wá jókòó síwájú rẹ. Iṣẹ́ rẹ á sì dára sí i." Bàbá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Kò rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ọmọ mi."

Oyèdìran bá Àrìnpé níbi tó ti ń di òwú rẹ̀ sínú àpò, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ó dúró títí obìnrin tó ń nájà lọ́wọ́ rẹ̀ fi lọ.

"Ìwé bàbá rẹ," ó ní.

"Mo mọ̀."

"O kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Akọ̀wé, ilé bàbá mi ni mo dàgbà sí. Bí ẹ ṣe húkọ́ àkọ́kọ́ báyìí ni mo ti mọ̀ pé ẹ ń bò mí. Ẹ kàn sọ èyí fún mi: ṣé pàṣán ló ní òun máa fi nà mí, àbí omi gbígbóná?"

"Omi gbígbóná ni."

"Ajá àdúgbò ló máa ń sọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ní òun kò bí mi, àbí?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

Ó padà sídìí òwú tó ń dì. Òwú pupa kan bọ́ sílẹ̀, Oyèdìran bẹ̀rẹ̀, ó bá a mú un.

"Kí ló dé tí o ṣì fi ń lọ?" ó bi í.

"Ẹkún ìyá mi ni. Ìyẹn kò sí lábẹ́ ikọ́?"

"Kò sí. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni mo kà á."

"Màá lọ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí o, Akọ̀wé. Bó bá lé mi lójú gbogbo àdúgbò, kò tún sí ibi kankan tí mo lè pè ní ilé mọ́. Ìyá mi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní lè sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi kọ̀wé kan tí màá nà sí bàbá mi kí inú rẹ̀ tó ráyè ru."

Oyèdìran jókòó sórí ìdì òwú, ó ní kó máa sọ ọ́. Kò ti gègé bọ tàdáwà. Àrìnpé sọ ti ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fi í fún, pé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ débi tó fi máa gbọ́ ọ. Ó sọ ti bí bàbá òun kò ṣe bi òun léèrè rí. Ìbínú ni gbogbo ìyẹn, Oyèdìran dúró. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n ń ru igbá yẹn jáde, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, n kò wo igbá. N kò mọ̀ pé yóò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mọ̀, n kò ní fẹ́ ọkùnrin náà síbẹ̀síbẹ̀, ṣùgbọ́n ǹ bá ti lọ kúnlẹ̀ sọ fún un kí ìdána tó dé." Ó wo Oyèdìran. "Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Èyí tó kù, ẹ fi ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ó tọ́ parí rẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé jókòó ti ìwé yẹn. Ohun tí Àrìnpé sọ kò fún un ní wàhálà, ó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibi tó kù fún un láti parí ló di òkè gíga. Ó kọ ọ́ pé ọmọ yín ni ìràwọ̀ tó ń tọ́ ẹsẹ̀ mi, ó kà á sókè, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀, ó ya á. Ó kọ ọ́ pé òdòdó ni, ó kà á, ó rántí gbogbo birikìlà tó ti ta òdòdó fún, ó ya á. Ó wá di ojú, ó rò ó pé bàbá náà ló jókòó síwájú òun lórí àga, tó ń wo òun tìfura-tìfura. Kí lèèyàn lè sọ fún bàbá tí inú ń bí? Ohun tó kọ kò gùn: "Èmi Oyèdìran tí mo kọ ìwé yìí jẹ́rìí pé ọmọ yín kò dójú tì yín ní ìlú òkèèrè. Òwú ló ń tà, ó sì ń wá ìwé yín nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á sílé. Bí ẹ bá gbà á, èmi náà ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín nítorí rẹ̀, bí òun náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó kà á sókè. Ahọ́n rẹ̀ kò kọsẹ̀. Ó ká a, ó dìde.

Ẹ̀rọ lọ́rí ti ń ró nígbà tó dé gàréèjì. Gbogbo àwọn tó ní ẹni nílé ló wà níbẹ̀, wọ́n ń rán ìkíni, wọ́n ń rán ọṣẹ, wọ́n ń rán bàtà. Àrìnpé ti gbé àpò rẹ̀ sókè, òun nìkan ló kù nílẹ̀.

"Ẹ kà á fún mi," ó ní.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn: akọ̀wé kì í fi ìwé lé oníbàárà lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó kà á fún un gbọ́. Oyèdìran tú u. Èrò sún mọ́ ọn bí wọ́n ti máa ń ṣe, Ìyá Rábì náà wà láàárín wọn. Ó ka ti igbá ìdána, obìnrin kan sì fọn imú. Ó ka ti ojú bàbá. Ó kà á pé ọmọ yín kò dójú tì yín, pé ó ń wá ìwé yín nígbà gbogbo, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á sílé. Ó wo gbólóhùn tó kù. Ó wo Àrìnpé.

Ó húkọ́. Ó pẹ́ kí ikọ́ náà tó tán.

Ìyá Rábì la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

"Ẹni tó máa ń kàwé fún bàbá mi nílé," ni Àrìnpé wí, ó sì rọra sọ ọ́, "kì í fo ọ̀rọ̀ kankan."

"Mo mọ̀," ni Oyèdìran dáhùn. "Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn."

Àrìnpé gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà fun fèrè ọkọ̀. Wọ́n fà á gòkè, ó jókòó sáàárín ẹrù, kò wẹ̀yìn títí lọ́rí fi yà sójú ọ̀nà ńlá. Níbẹ̀ ló ti wẹ̀yìn. Oyèdìran dúró nínú eruku yẹn títí eruku fi lọ sílẹ̀, ó sì ṣì dúró.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ ni Àrìnpé dé ilé ní Òkè-Ìrókò. Láníyonu wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró gbọnin bí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ń wò láti ẹ̀yìn èjìká bàbá náà, àwọn ará àdúgbò sì ti ń yọjú. Àrìnpé kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò kí i, kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn na ìwé náà sí i ni. Bàbá náà kò gbà á. Ó wo ọwọ́ tó gbé e, ọwọ́ tó ti gbó nídìí òwú títà.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Akọ̀wé wa ni, bàbá."

"Ṣé ó kà á fún ọ?"

"Ó kà á."

"Gbogbo rẹ̀?"

Àrìnpé sorí kọ́. "Ó húkọ́ níbì kan."

Láníyonu wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ó wo àwọn ará àdúgbò tí etí wọn ti nà. Nígbà tó yá, ó yí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà sì là lẹ́nu ìlẹ̀kùn. "Wọlé," ó ní. "Inú ilé ni ká ti lọ gbọ́ ibẹ̀." Àrìnpé dìde, ó sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.

Ibi tí òwe náà ti wá nìyẹn, tí àwọn àgbà Òkè-Ìrókò fi ń sọ pé a kì í bi akàwé léèrè ohun tó mú un húkọ́. Wọ́n máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ tú ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi aṣọ bò láàárín èrò, kí ojú má baà ti ẹnìkan. Wọ́n sì máa ń pa á nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì há sí i lọ́fun. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má béèrè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà fún ń bọ̀ wá gbọ́ ọ.